Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Tí A Ń Gbé Sókè Lóru

Ara mi rántí àwọn òru yẹn ju ọpọlọ mi lọ. Bí mo bá jókòó pẹ́ níbì kan, tí ìdí mi kú, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò tẹ̀, bí ẹni pé mo ṣì wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní kí n sọ ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, n ó dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Àwọn tó kọ́ mi ní yunifásítì kọ́ mi láti béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó bá ń sọ ìtàn. Wọn kò sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe nígbà tó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ẹlẹ́rìí tó ṣẹ́ kù, tí òun náà kò sì fọkàn tán ara rẹ̀.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì ní Ìbàdàn, ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, iṣẹ́ olùkọ́ gbé mi lọ sí Oǹdó. Àwa mẹ́rin láti agbègbè wa ni a jọ ń gbé ibẹ̀: èmi, télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Àpòmù, àti àwọn ọmọ ìyá méjì láti Ìkirè tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ra kòkó. Bí Iléyá bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, a ó di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a ó gbéra nígbà tí oòrùn bá wọ̀, a ó sì fi gbogbo òru rìn kí ilẹ̀ lè mọ́ bá wa nílé. Lọ́rì wà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá lọ́rì wálé kò ní ohun tí yóò gùn lọ kí àwọn ẹbí ní Ìkirè-Ilé àti Orílẹ̀-Òwu, ọdún á sì parí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ wálé ló ni ọdún.

Ẹni tí kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa láyé ìgbà náà lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin fi ń rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. A kì í kí àgbà láti orí kẹ̀kẹ́. Bí o bá ti rí wọn lókèèrè, o ó sọ̀ kalẹ̀, o ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi tàbí kí o tẹ́ ẹ sílẹ̀, o ó dọ̀bálẹ̀, o ó dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bá bi ọ́ nípa ilé àti ọ̀nà, kí o tó tún gùn ún. Láti Ìkirè dé Àpòmù kò jìnnà rárá, síbẹ̀ o lè sọ̀ kalẹ̀ títí tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn yóò fi kọjá lára rẹ. Nítorí èyí ni àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ṣe gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ láti orí ìjókòó. Ó rọrùn fún ìkíni. Fún ìrìn gígùn, ìyà gidi ni: orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ọ nígbá àyà, itan á máa ta ọ́, ẹ̀yìn á ká kò bíi ti ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n lóru, kò sí àgbà lójú ọ̀nà. Bí a bá ti kọjá ilé tó gbẹ̀yìn ní Oǹdó, télọ̀ á súfèé, gbogbo wa á dúró, á yọ sípánà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, a ó sì gbé ìjókòó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. A ó gun kẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹnìkejì bá dì í mú, a ó fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá nà tán láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti tó. Télọ̀ ti fi àkísà wé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wa yí ká kí àtẹ́lẹwọ́ má baà kú. Ó tún rán tìmùtìmù kékeré fún oníkálukú, tó ki òwú sí nínú. A ó fi òrí pa itan. Lẹ́yìn náà, a ó lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìrọ̀rùn yẹn fún ẹni tí kò bá tí ì mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ á nà, àyà á ṣí, atẹ́gùn á gba abẹ́ apá wọlé. Òórùn kòkó tí wọ́n sá ní àwọn abúlé Òkè-Igbó á máa bá wa lọ. Iná dáínámò mẹ́rin á máa gbọ̀n lórí iyanrìn. A ga, a kò sì tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni títí di Gbọ̀ngán. Tàbí ó jẹ́ pé èrò àgbàlagbà ni mo ń dà lé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lórí? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oorun ló ń kùn ún, tí ó sì ń ronú nípa omi gbígbóná. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti jókòó sínú mọ́tò tó dára láti ìgbà náà, mo sì ti jókòó sí àga oríṣiríṣi, kò sí èyí tó gbà mí bẹ́ẹ̀.

"Tíṣà, ìdí ńkọ́?" télọ̀ á pariwo láti iwájú.

"Ó wà níbi tí mo fi í sí."

"Tọ́jú ẹ̀ o. Wọ́n ń retí ẹ ní Àpòmù."

"Ọmọbìnrin yẹn kò retí ìdí," àbúrò nínú àwọn ọmọ ìyá méjì á dá sí i. "Ìwé ló ń retí."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Kí ni Bàbá ń retí?" télọ̀ á tún béèrè.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ìdọ̀bálẹ̀!"

Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi ṣe, ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Mo fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Àpòmù. Òun náà fẹ́. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, kò sọ pé ẹbí mi kò dára, wọn kò sì rí àléébù nínú ìrun tí à ń kí. Ohun tí wọ́n sọ fún alárinà ni pé ọrùn àwọn tó lọ sí yunifásítì máa ń le, pé wọ́n ti rí ọ̀kan tó na ọwọ́ sí àwọn lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, tó sì kọjá. Wọ́n ní kí n wá láàárọ̀ Iléyá kí àwọn tó lọ sí yídì, káwọn fi ojú ara àwọn wò mí. Bí ohun tí wọ́n bá rí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, nítorí oníkòkó kan láti Ararọ̀mí-Òwu ti ń wá sílé wọn.

Ní ẹ̀yìn Gbọ̀ngán ni a máa ń dúró láti rẹ ìjókòó sílẹ̀ padà kí ojúmọ́ tó mọ́. Lọ́dún náà, ti àwọn mẹ́ta yòókù sọ̀. Tèmi kọ̀. Nọ́ọ̀tì tó di ìjókòó mú ti dípẹtà, sípánà sì ń yọ̀ lórí rẹ̀. Télọ̀ fi àkísà dì í, ó fi òkúta gbá a, ó bú u.

"Ó ti lẹ̀ pátápátá."

"N ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìkirè," ni mo wí.

"Kí o wá bá wọn nígbà tí wọ́n bá ti ń pa àgbò? Gun kẹ̀kẹ́ rẹ, jàre. Èmi ni n ó máa ṣáájú. Bí mo bá ti rí àgbà, n ó súfèé, ìwọ yóò sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó rí ọ."

Àwọn ọmọ ìyá méjì yà sílé ní Ìkirè, wọ́n ń gbàdúrà fún mi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Àwa méjì tó kù forí lé Àpòmù. Ètò télọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, níbi tí ọ̀nà ti yí wọ ìlú, ó súfèé, ó sì fò sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé àwọn àgbà mẹ́ta tó ń ti ìrun àárọ̀ bọ̀ ti wà níwájú wa gan-an. Bàbá ọmọbìnrin náà ló wà láàárín.

Mo tẹ bíréèkì. Mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún sísàlẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀, mo rí i pé ó kanlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n lára: ẹsẹ̀ náà ti kú. Èmi, kẹ̀kẹ́, aṣọ ọdún àti búrẹ́dì tí mo dì sẹ́yìn, gbogbo wa sùn sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Àyà mi kanlẹ̀, apá mi nà síwájú. Télọ̀ ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní tirẹ̀. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ọdún, sà."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà kígbe pé, "Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti kẹ̀kẹ́!"

"Dìde, ọmọ mi," Bàbá wí. "A ti gbọ́."

N kò lè dìde. Kẹ̀kẹ́ wà lórí ẹsẹ̀ mi.

"Mo ní kí o dìde."

Télọ̀, tí kò gbé orí sókè, sọ pé, "Bàbá, kò ní dìde o, àfi bí ẹ bá dá a lóhùn."

Àwọn àgbà méjì yòókù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé kẹ̀kẹ́ náà kúrò lórí mi, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ ní orúnkún mi, wọ́n sì dúró díẹ̀, wọ́n ń wo bí ìjókòó náà ti ga tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé, "Wọlé, kí wọ́n bu omi fún ọ. Bí a bá dé láti yídì, lọ sọ fún àwọn ènìyàn rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Bí mo ti ń sọ ìtàn náà láti ìgbà yẹn ni pé Bàbá rò pé mo dọ̀bálẹ̀ ni, àti pé ìṣubú ló fún mi níyàwó. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi kò gbà. "Irọ́ lò ń pa," ni yóò wí láti ilé ìdáná, pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. "Bàbá mi mọ̀ pé ńṣe lo ṣubú. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún ìyá mi pé ọmọ náà ṣubú, ó fara pa, ìkíni ló sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní àwọn rí ohun tí àwọn ń wá."

N kò mọ̀ bóyá Bàbá sọ bẹ́ẹ̀, tàbí ìyàwó mi ló rán an pọ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn mi, tí kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé àṣìṣe ni wọ́n fi fi òun fún mi. Ǹ bá ti bi í nígbà náà. Ó dàbí ẹni pé ìgbà ṣì pọ̀. Bàbá ti lọ, télọ̀ ti lọ, ìyàwó mi náà sì ti lọ. Nísinsìnyí, nígbà tí ilé bá dákẹ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo máa ń sọ ìtàn náà síta, bí mo ti máa ń ṣì í sọ gẹ́lẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dé ibi tí Bàbá ti rò pé mo dọ̀bálẹ̀, n ó dúró díẹ̀, n ó sì dojú kọ ilé ìdáná.