Ilé Páálí Oníyàrá Méjì

Ìtàn bọ́tìnnì alábẹ̀wò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ tí ọ̀rọ̀ bá kan Bàbá Páálí.

Ooru mú lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, ó lọ kí ọ̀gá ilé ìwé. Ìgbà tó máa padà dé, àwọn ọmọ ti yí tábìlì ká, wọ́n ń ka bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì dúdú, ńlá, tó ń dán. Inú ọkùnrin náà dùn. Ó ní irú ohun èlò yìí ló yẹ kó wà ní gbogbo kíláàsì, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló wọ kóòtù rẹ̀. Ó fọwọ́ wá bọ́tìnnì lókè, kò rí. Ó wá a nísàlẹ̀, kò rí.

"Ẹ má bínú, sà," ni Bàbá Páálí wí. "Nínú gbogbo ilé ìwé yìí, tiyín nìkan ló dọ́gba."

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ọkùnrin gíga bí òpó iná, tí àwọn tó ń kọ́ kò ga ju orúnkún rẹ̀ lọ. Àga àwọn ọmọ ló ń jókòó sí. Tó bá dìde, àga á bá a dìde, á sì rìn díẹ̀ kó tó mọ̀.

Páálí ni ayé rẹ̀. Páálí bàtà, páálí ọṣẹ, páálí bisikíìtì. Ó ń gé e, ó ń lẹ̀ ẹ́, ó ń kùn ún. Ejò tó ní oríkèé mẹ́wàá. Òṣùwọ̀n tó fi ìkọ́ aṣọ àti ife méjì ṣe. Aago tí ọmọ lè fọwọ́ yí. Nígbà tí ará ilé òdìkejì ra fíríìjì, Bàbá Páálí ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó kí wọn kú oríire, ó kọ̀ kò jókòó, ó dúró títí wọ́n fi tú ẹrù náà, ó sì ru páálí rẹ̀ lọ sílé. Títí ó fi kú, kò mọ àwọ̀ fíríìjì ọ̀hún.

Òfin kan ló ní: ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí ẹnu tó sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kan mú ọmọ rẹ̀ wá, ó ń yangàn pé ó ti mọ ìṣirò, ó lè kà dé ọgọ́rùn-ún láìmí. Bàbá Páálí gbé abọ́ ìdérí ìgò síwájú ọmọ náà, ó ní kó fún òun ní méje. Ọmọ náà ka dé ọgọ́rùn-ún láìmí lóòótọ́, ó sì gbé gbogbo abọ́ fún un.

"Ọmọ yín lawọ́ gan-an, Màdáámù," ni olùkọ́ wí. "Ìṣirò nìkan ló kù."

Ìyàwó Bàbá Páálí ni ìyà iṣẹ́ yìí jẹ jù. Télọ̀ ni. Bọ́tìnnì, okùn, sísọ́ọ̀sì, ohunkóhun tó bá gbé kalẹ̀ ló ń di ti kíláàsì. Ọkọ rẹ̀ yọ ọwọ́ aago ara ògiri pàápàá, torí pé ti páálí ti gbó mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Bí oníbàárà bá béèrè ìgbà tí aṣọ òun máa yá, obìnrin náà á nawọ́ sí aago tó ń dún láìní ọwọ́. Á ní kí wọ́n padà wá tí àkókò bá ti ilé ìwé dé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Obìnrin. Àìsàn dé sí i, kò pẹ́, ó kú. Ó fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀, wọ́n sì mú un wá sọ́dọ̀ àwọn àgbà méjèèjì. Láàárọ̀, á tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ àgbà lọ sí kíláàsì. Ọmọ tó yára ni. Ó mọ̀ ọ́n ròpọ̀. Ó kà dé ẹẹ́rìnlá, ó dúró.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Torí bí a ṣe ń kà gan-an ni Bàbá Páálí fi ń kọ́ wọn. Tí ẹẹ́rìnlá bá tán, ọmọ á kó bọ́tìnnì kún un dé ogún, á wá yọ márùn-ún kúrò. Ogún ó dín márùn-ún: aárùndínlógún nìyẹn. Ọmọ yìí ò jẹ́ kí wọ́n yọ. Bí ọwọ́ bá ti ń bọ̀, á na apá méjèèjì bo bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, á gbé àyà lé e.

"Ẹ má mú wọn lọ."

Olùkọ́ wá ọgbọ́n títí. Ó fi súìtì ṣe é, pé kó jẹ márùn-ún. Ọmọ ní òun ti yó. Ó ṣe ẹyẹ páálí tó ń fò lọ lórí okùn. Ọmọ so wọ́n lẹ́sẹ̀. Ó ṣe bọ́ọ̀sì páálí tí èrò ń sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ọmọ ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. Gbogbo èrò bá dírẹ́bà lọ sùn sílé rẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé sì ti sọ ọ́: ẹni tí kò bá kà dé ogún kò ní kúrò ní kíláàsì náà. Ìyàwó olùkọ́ ní kí ló wá burú níbẹ̀, kó tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè.

"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, olùkọ́. Ta ni wọn ò tíì yọ nǹkan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé yìí?"

"Lọ́dún tó ń bọ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí, "wọ́n á tún yọ ọ̀kan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kó ti mọ̀ ọ́n kó tó dìgbà náà."

Ẹ̀rọ dákẹ́. Obìnrin náà ti mọ̀ pé ọkọ òun ń wúkọ́. Kò mọ̀ pé dókítà ti sọ̀rọ̀.

Ilé ni Bàbá Páálí wá ṣe. Páálí bàtà méjì ló lẹ̀ pọ̀. Yàrá kan tóbi, ìkejì kéré. Ó gé fèrèsé fífẹ̀ sí ògiri àárín wọn, ó fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó. Ó kó ogún bọ́tìnnì, ó ya ojú àti ẹnu sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bá ọmọ náà jókòó sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó gbé bọ́tìnnì kan láti yàrá ńlá sí yàrá kékeré.

"Ogún, ó dín ọ̀kan."

Ọmọ náà gbé ojú mọ́ fèrèsé. "Ó wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ṣé á padà wá?"

Bàbá Páálí wúkọ́ díẹ̀. Ó nu ojú, ó ní gọ́ọ̀mù ló ta sí òun.

"Rárá," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kì í padà. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí a ṣe ń kà á. Ogún, ó dín ọ̀kan. A ò lè ka àwọn tó kù ká má dárúkọ ẹni tó lọ."

Ọmọ náà ronú. Ó ní kí wọ́n gbé àga sí yàrá kékeré, kò dáa kí ẹni náà wà lórí ìdúró. Bàbá Páálí gé àga. Ọmọ ní àga kan ò tó, torí àwọn tó ń bọ̀. Olùkọ́ gé mẹ́rin sí i. Ìṣirò jókòó dè wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kékeré yẹn gbéra fúnra rẹ̀, ó ń gbé wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé ẹyin. Eéjìdínlógún. Ẹẹ́tàdínlógún. Ẹẹ́rìndínlógún. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀. Aárùndínlógún.

Ní ìparí sáà, ó kà dé ogún níwájú ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n gbé e lọ sí kíláàsì tó kàn.

Bàbá àgbà rẹ̀ kú láàárín ìsinmi. Ọ̀gá ilé ìwé ní irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn: kò pa iṣẹ́ jẹ rí, kò ní tìtorí ikú bẹ̀rẹ̀.

Àwọn èèyàn rọ́ wá sílé. Wọ́n ń pa ìtàn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Opó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Kò sunkún náà. Ó jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, ẹsẹ̀ lórí pẹ́dàlì, kò tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí èrò tú ká, aládùúgbò kan kanlẹ̀kùn, ó gbé ìkòkò oúnjẹ dání. Ọmọ náà ló ṣí i. Obìnrin náà bi í pé èèyàn mélòó ló wà nínú ilé báyìí, kí òun lè mọ bí òun ṣe máa bù ú.

Ọmọ náà fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. Ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ, ó fọwọ́ kan orúnkún ìyá rẹ̀ àgbà. Lẹ́yìn náà ó lọ síbi àga bàbá rẹ̀ àgbà tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó fi í síbẹ̀ díẹ̀.

"Mẹ́ta, ó dín ọ̀kan."

Aládùúgbò náà rọra ní méjì là ń pe ìyẹn, ọmọ dáadáa.

"Ẹ bu ti méjì," ni opó dáhùn látẹ̀yìn ẹ̀rọ. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kà á bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín kékeré, àkọ́kọ́ látọjọ́ náà. Ó na apá sí ọmọ náà, ó fà á mọ́ra. Nígbà tí ẹ̀rín ọ̀hún wá di ẹkún, kò dá a dúró.