Bí A Ṣe Wọn Oorun Awakọ̀ Wa

Ọ̀sán ààwẹ̀ ni, oòrùn mú ganrínganrín. À ń bọ̀ sí Èjìgbò láti Ìsùndúnrìn, níbi tí a ti lọ kí ìbátan wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Èmi tí mò ń ránṣọ, àbúrò ìyá mi obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjáǹ dé, àti mẹkáníìkì àdúgbò wa la wọkọ̀ bàbá kan. Bàbá yìí ti jí jẹ sààrì ní ìdájí, wọn ò sì padà sùn.

Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ fura. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí ń gun etí títì, ó tún ń padà."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ń tòògbé o."

"Ta ló ń tòògbé? Mò ń ronú ni!"

Àǹtí mi ní kí a má jà, pé oorun ṣeé wọ̀n. "Bàbá, bí mo bá pàtẹ́wọ́, kí ẹ tẹ họ́ọ̀nù. Bí ojú yín bá dá, ẹ ó yára. Bí oorun bá wà níbẹ̀, ẹ ó pẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Pòn-ùn! Wọ́n tún pa á. Pòn-ùn! Inú àǹtí dùn, wọ́n fi Faransé ní, "Voilà! Ẹ ò rí i!" Àwọn ewúrẹ́ sá wọ igbó. Obìnrin kan tó ń sá láfún létí ọ̀nà juwọ́ sí wa, ó ṣe bí ìyàwó tuntun là ń gbé lọ.

Nígbà tó yá, họ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Àǹtí á pàtẹ́wọ́, a ó ti máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn kó tó dún.

Mẹkáníìkì ní, "Ẹ ò rí i? Oorun nìyẹn."

"Họ́ọ̀nù ló ti gbó," ni àǹtí wí.

"Họ́ọ̀nù tí mo tún ṣe fúnra mi?"

Àwọn méjèèjì ń jà lọ, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́, síbẹ̀ họ́ọ̀nù ń dún. Mo yọjú wo iwájú. Bàbá ti dijú, wọ́n ń tẹ họ́ọ̀nù lójú oorun. Kí n tó pariwo, ọkọ̀ ti yà wọ oko ẹ̀gẹ́ kan jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni pé ibẹ̀ là ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ń dá kẹ́kẹ́kẹ́ lábẹ́ wa. Ọkọ̀ dúró.

Bàbá lajú. "Ṣé a ti dé ni?"

Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó fara pa. A ti ọkọ̀ padà sétí títì, a sì ní kí bàbá sùn díẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, pé a ó máa ṣọ́ wọn. Àmọ́ ààwẹ̀ ti mú àwa náà. Ìgbà tí mo máa lajú, àwa mẹ́ta la nà sílẹ̀ gbalaja. Kò sí bàbá, kò sí ọkọ̀.

Ó pẹ́ kí bàbá tó padà dé, tìbínú-tìbínú. Wọ́n ti wa ọkọ̀ òfìfo dé Èjìgbò, wọ́n rò pé a wà lẹ́yìn, wọ́n ń bá wa sọ̀rọ̀ títí dé gáréèjì.

"N ò gbọ́ èsì, mo ní ààwẹ̀ ló mú yín. Àfi ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn pé kí ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Àǹtí mi búra pé àwọn ò ní wọkọ̀ bàbá mọ́ lóṣù ààwẹ̀. Èmi ṣì ń wọ̀ ọ́. Iwájú ni mo máa ń jókòó sí, mo sì máa ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ ìyàwó wọn kejì. Bàbá kì í tòògbé lórí ọ̀rọ̀ yẹn.