Ọlọ́wọ́ Òsì Tó Mọ̀wà

Ọlọ́wọ́ òsì ni ọkọ àbúrò mi. Bó bá gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì l'Ómù-Àrán, ewúrẹ́ a máa sá ní Ganmo. Ṣùgbọ́n ó mọ̀wà. Kó tó gbá a sí àgbàlagbà, á ní, "Ẹ má bínú, bàbá, ọwọ́ òsì ni o." Kí bàbá tó dáhùn pé kò burú, bọ́ọ̀lù ti kọjá. Ọ̀wọ̀ ni àbí ọgbọ́n? N ò tíì mọ̀.

Lọ́dún yìí, òun àti tíṣà àgbà kan láti Bàbáńlá ló jọ du ife-ẹ̀yẹ tẹníìsì. Tíṣà kì í gbá bọ́ọ̀lù líle, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kì í dá padà. Kí ọkọ àbúrò mi tó lanu bẹ̀bẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, mo ti dárí ti òní jì ọ́ pátá. Máa gbá a."

Ọkọ àbúrò mi gbá a láìtọrọ àforíjì. Inú àwọ̀n ni gbogbo bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ. Tíṣà gbé ife láìlàágùn.