Laptop Ilé Wa àti Orúkọ Tí N Kì Í Pè

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí laptop ilé wa fojú mi rí ní Alajo, ní Accra níbí. Ẹ rẹ́rìn-ín tán o, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Laptop náà ti darúgbó. Mo lè tan Windows orí ẹ̀, kí n lọ fọ abọ́, kí n sì padà wá bá a níbi tí mo fi í sí. Èmi aránṣọ ni mo sì ń lò ó jù. Fóònù mi ti kún, inú laptop ni gbogbo àwòrán aṣọ tí mo rán wà.

Bí a ṣe ní ká wá nǹkan ṣe sí i, ilé bá di ilé ẹjọ́! Ọkọ mi ní ká fi Windows sílẹ̀, torí òun ni wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì òun. Ó tún ní bó bá jẹ́ tòun ni, Mac ni ì bá wà nílé, torí ó rẹwà, dumsor, iná Ghana tó ń lọ tó ń bọ̀, ò sì ní tètè pa bátìrì ẹ̀. Mo bi í pé ṣé Mac yẹn á wọ inú laptop tá a ní yìí, àbí a ó ra òmíràn? Ó yíjú sí tẹlifíṣọ̀n.

Àbúrò ẹ̀ obìnrin, tó ń kàwé ní Cape Coast, ní Linux ló yẹ wá. Ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo, laptop tó ti dàgbà sì máa ń gbé e dáadáa. Ọkọ mi ní nǹkan ọ̀fẹ́ kì í dára. Ọmọ náà bi í pé afẹ́fẹ́ tó ń mí símú ńkọ́, níbo ló ti rà á?

Ẹ má retí kí n kọ orúkọ ọmọ yìí síbí o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti fẹ́ mi wá, mi ò sì lè pe ẹni tí mo bá nílé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é, nítorí ẹ̀rín ẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí sí Accra níbí ka gbogbo ẹ̀ sí àwàdà. Òun alára, tí mo bá pè é bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, á ní, "Auntie, please, ó ti tó." Mo rò pé ojú ń tì í ni.

Linux ló wọlé, torí èmi tí mò ń lò ó ni mo gbè é. Eyínfúnjowó kó àwòrán mi pamọ́, ó fi Linux sí i, ó sì dá wọn padà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ibi tí wọ́n kó nǹkan sí, ṣùgbọ́n laptop wá ń ṣí kíákíá. Lọ́jọ́ tó ń padà síléèwé, ó ti ń wọ ọkọ̀ trotro kó tó rántí sọ fún mi pé orúkọ òun lòun fi ṣe password. Mo ní mo ti gbọ́. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Laptop ṣáà wà ní títàn.

Àfi bí iléèwé kan ní Madina, ní Accra níbí, ṣe ní kí n fi àwòrán yúnifọ́ọ̀mù tí mo ti rán rí ránṣẹ́ kí ìpàdé wọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Irú iṣẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà fún látọjọ́ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ká tó jí lọ́jọ́ náà, iná ti lọ, bátìrì ti kú. Nígbà tí iná dé, laptop ní kí n mú password wá.

Mo pe Eyínfúnjowó, fóònù ò lọ, ó ti wọ yàrá ìdánwò. Mo pe ọkọ mi, ó ní ṣebí òun ti sọ pé ká fi Windows sílẹ̀.

Ó di dandan kí n kọ orúkọ ọmọ ilé ọkọ. Ìyá ọkọ mi jókòó nítòsí, wọ́n ń bó ẹ̀pà. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n foríjì mí, ìka ló fẹ́ pè é, kì í ṣe ẹnu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi dànù.

Mo tẹ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Kò ṣí. Mo tẹ èyí tó ń jẹ́ níléèwé, mo tún tẹ orúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí i nínú ọ̀sẹ̀, èyí tí àwọn aládùúgbò fi ń pè é ní èdè Twi. Kò ṣí! Mo ti fi orúkọ ọlọ́mọ ṣeré tán, kò sì ṣe mí láǹfààní kankan. Ẹkún gbọ̀n mí.

Ìyá wa wò mí. "Ìyàwó mi, ìwọ fúnra ẹ, kí lo máa ń pè é?"

Mo ní, "Màmá, ìyẹn kì í ṣe orúkọ gidi."

"Tẹ̀ ẹ́ ná."

Mo tẹ Eyínfúnjowó. Laptop ṣí.

Àwòrán dé Madina kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ náà jáde nínú ìdánwò, mo bi í pé kí ló dé tó fi irú ìyà yìí jẹ mí. Ó ní, "Auntie, ṣebí mo sọ fún yín. Orúkọ mi nìyẹn."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bára yín fa Windows, Mac àti Linux, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí laptop yín, kí ẹ sì bi ẹni tó ń lò ó jù. Ọkọ mi ti ń fi Linux wo bọ́ọ̀lù báyìí o, kò kàn fẹ́ ká sọ ọ́ síta ni.

Kí lẹ̀yin ń lò nílé? Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kí lẹ sì ń pe àwọn àbúrò ọkọ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí ká jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ má sì wulẹ̀ wá dán laptop mi wò, a ti pààrọ̀ password. Orúkọ tí Eyínfúnjowó ń pe èmi ló wà níbẹ̀ báyìí, ẹ ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.