Wọ́n Ní Bọ́ílà Mi Ti Kú, Mo Ní Kò Kú

Ẹ̀yin tèmi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lórí bọ́ílà, nítorí inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni mò ń ṣe fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké ní Àgídìngbì. Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ìfàkò ni mo ti ń ṣe é. Bọ́ílà kékeré kan ló ń sọ omi di ooru tí áyọ́ọ̀nù mi fi ń ṣiṣẹ́. Kí n tó ní in, ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń di bisikíìtì sínú páálí, tí súpáfáísọ̀ ń jágbe mọ́ mi bí ọmọdé. Kí n tún padà síbẹ̀? Láéláé!

Kò pẹ́ tí ẹnjiníà wá tú àwọn páìpù bọ́ílà yìí, tó fọ̀ wọ́n, tó tò wọ́n padà, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ géèjì tó ń fi agbára ooru hàn á gòkè, kí n tó lọ aṣọ díẹ̀, á ti já wálẹ̀. Omi inú rẹ̀ náà ń dín kù. Mo wo ilẹ̀ títí, ilẹ̀ gbẹ.

Mo pe ẹnjiníà padà. Ó mi orí. Ó ní nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, inú ló ti ń jò, pé irin inú ti là, omi ń bá èéfín jáde. Ó ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo bi í pé bí omi bá ń jò sórí iná, kí ló dé tí ibi ìdáná fi gbẹ? Ó ní èmi kì í ṣe ẹnjiníà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bàbá Múríìnà, tí a jọ ń gbé ilé yìí, dá sí i. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kó bú gbàmù mọ́ wa lórí ni. Wọ́n ti lọ bá mi bẹ ilé iṣẹ́ bisikíìtì pé kí wọ́n gbà mí padà. Láì bi mí! Wọ́n tún ti pe ọlọ́mọlanke kó wá gbé bọ́ílà lọ. Mo kúnlẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ ni wọ́n, orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti sọ ọ́:

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. Bọ́ílà yìí ò kúrò níbí lónìí."

Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ náà ni Ìyá Àlíyà jáde, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní yàrá tó kángun sí tiwa. Dúrọ́ọ̀mù tí bọ́ílà ń fa omi láti inú rẹ̀ ni gbogbo ilé ń bù lò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní láti ọjọ́ mélòó kan, òun ò gbé omi kaná mọ́ láti wẹ ọmọ, òun rò pé èmi ni mò ń da omi gbígbóná sí dúrọ́ọ̀mù nítorí ọ̀yẹ́.

Èmi kẹ̀? Omi gbígbóná wo?

Mo sáré ki ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀mù. Omi lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́! Mo fọwọ́ kan páìpù tó tibẹ̀ lọ sí bọ́ílà, ó ń jóni, bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù tó ń ti omi sínú bọ́ílà ti dúró tipẹ́. Omi tí wọ́n ní ó ń bá èéfín lọ, inú dúrọ́ọ̀mù ló ń padà sí.

Fáálù kékeré kan wà lórí páìpù náà, tó yẹ kó jẹ́ kí omi wọlé, kó má sì jẹ́ kó padà. Mo paná, mo jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù, mo tún ránṣẹ́ pe ẹnjiníà, mo ní kó tú fáálù yẹn lójú gbogbo wa. Ó ń ráhùn, ó tú u. Tépù funfun tí òun fúnra rẹ̀ wé mọ́ ẹnu páìpù kó má baà jò ló já sínú rẹ̀, tí kò jẹ́ kó pa dé. Ó yọ ọ́, ó de fáálù náà padà.

A dáná padà. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó sì dúró. Bàbá Múríìnà wò ó títí, wọ́n ní kí ọlọ́mọlanke máa lọ. Mo ní ẹ ṣé, Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi sọ fún ilé iṣẹ́ yẹn pé mi ò wá.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan yín ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ ní kó fi ibi tó bàjẹ́ hàn yín. Bí kò bá rí i fi hàn, ẹ jókòó ti nǹkan yín. Ta ni wọ́n ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí rí, tí wọ́n ní torí ire rẹ̀ ni? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Aṣọ ni mò ń lọ lọ́wọ́ báyìí, ọ̀gá ara mi sì ni mí.