Atukọ̀ Tí A Sọ Di Dúdú

Ìwé tí kò ní èèpo ẹ̀yìn ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Sábó, ní Ṣàgámù, tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣa obì. Gbogbo ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti ya èèpo wọn dànù kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà a kò rí àwòrán kankan. Ìtàn inú wọn la rà: obìnrin kan tó ń tu ọkọ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀, tó ń pàṣẹ fún ogójì ọkùnrin, tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ìwé mẹ́sàn-án ni, a sì kà wọ́n títí àwọn ojú ìwé fi ń já bọ́.

Ní ojú ìwé kìn-ín-ní ìwé àkọ́kọ́, ẹni tó kọ ọ́ sọ pé obìnrin náà ga, ó sì jẹ́ "dark". Ní Rẹ́mọ, ta ni kò mọ ohun tí dáàkì jẹ́? Ẹni tó bá pupa là ń pè ní fẹ́à, ẹni tó bá dúdú là ń pè ní dáàkì. Ọ̀rọ̀ ti parí. Dúdú ni atukọ̀ wa. Èmi tí àwọn àǹtí mi máa ń sọ pé mo dúdú bíi kóró iṣin, tí wọ́n ń fi ìpara tí wọ́n fi ń bó ara ta mí lọ́rẹ ní gbogbo Kérésì, mo wá rí ẹni tó jọ mí nínú ìwé òyìnbó. Inú mi dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ìwé náà láàárín oṣù kan.

Nígbà tí mo fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọ wa nítòsí Ìkẹ́nnẹ́, àwa olólùfẹ́ atukọ̀ ti di ẹgbẹ́. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Àìkú kan, a máa ń kóra jọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù. Àwọn òǹkàwé ń ti Ìsarà wá, wọ́n ń ti Ìjẹ̀bú-Òde àti Èkó wá, oníkálukú á sì múra bí ẹni inú ìwé. Ẹnìkan á fi bébà dídán inú páálí sìgá wé igbá, á sì dé e sórí, ẹlòmíràn á wọ bàtà òjò bàbá rẹ̀ lójú oòrùn ọ̀sán gangan. A máa ń jiyàn títí ọ̀fun wa á fi gbẹ. Ọdún méjì tó tẹ̀ léra ni mo ṣe atukọ̀. Mo wọ kóòtù búlúù tí télọ̀ kan rán fún mi, mo sì ń rìn bí ẹni tó ni Ṣàgámù.

Ní ọdún kejì mi nílé-ẹ̀kọ́, wọ́n fún wa ní iṣẹ́ kan: kí a kọ nípa bí àwọn òǹkọ̀wé òyìnbó ṣe ń fi ènìyàn dúdú hàn nínú ìtàn. Ẹni tí kò bá yege iṣẹ́ náà yóò tún kọ́ọ̀sì ọ̀hún ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ kọ́ nírú èyí? Mo kọ ojú ìwé méjìlá lórí atukọ̀ wa, mo sì fi gbogbo ẹnu sọ pé òyìnbó kan ti fi obìnrin dúdú ṣe olórí láìpariwo.

Ní Ọjọ́bọ̀, olùkọ́ wa ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin tó ti gbé ìlú òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, kì í sì í tètè rẹ́rìn-ín. Ìwé àkọ́kọ́ náà, tí mo fi kún iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé dúdú ni obìnrin yìí?"

"Ó wà níbẹ̀, mà. Ẹ wo ìlà kẹta."

Ó wò ó, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀.

"Irun ni, ọmọ mi. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan dáàkì láàárín ara wọn, irun rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Tí wọn ò bá ti dárúkọ àwọ̀ ara, funfun ni. Wọn kì í sọ ọ́, torí wọ́n rò pé gbogbo ayé ti mọ̀. Orí kẹfà ńkọ́, níbi tí ojú rẹ̀ ti funfun bíi bébà nígbà tí ìròyìn burúkú dé?"

"A rò pé ibà ni, mà."

Ó tún rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìwé náà sí mi, ó ní kí n tún iṣẹ́ mi kọ, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé lòun fẹ́ rí i.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń jáde. N kò bínú sí olùkọ́. Obìnrin inú ìwé náà ni mo bínú sí, bí ẹni pé ọ̀rẹ́ mi ni, tó ti ń parọ́ fún mi láti ilé-ìwé girama. Ó dùn mí wọra. Ta ni mo wá jọ báyìí? Ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an sì ni àpéjọ wa. Bí mo bá lọ, ìgbà wo ni mo fẹ́ kọ iṣẹ́? Bí mo bá sì débẹ̀, ṣé kí n wọ kóòtù kí n panu mọ́ ni, àbí kí n sọ òtítọ́ kí n sì pàdánù ipò mi?

Ẹ ó ní ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé ńkọ́? Ẹ ò mọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Kíláàsì ló gbé ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ lọ, bí oòrùn bá sì ti wọ̀, ìwé di pípadé títí oòrùn á tún fi wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi ìjọ wa, bírò kò gbọdọ̀ kan bébà. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń to gbólóhùn lọ́kàn. Ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ pásítọ̀ ni, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Iṣẹ́ lò ń kọ lọ́kàn yẹn. Mo rí i lójú ẹ."

Mo ní àdúrà ni mò ń gbà. Ọlọ́run mọ̀ pé mo gba díẹ̀ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ kóòtù mi, mo gun ọ̀kadà, ó di Ẹ̀pẹ́. Ààrẹ ẹgbẹ́ wa, ọmọ oníṣòwò obì kan tó máa ń gbé díṣọ́nnárì kiri, ni mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ irun náà fún ní ẹ̀yìn ilé kíláàsì. Ó mí kanlẹ̀.

"Jọ̀ọ́, má sọ ọ́. Àbí o fẹ́ tú wa ká ni?"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ẹnìkan wá béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Ibà orí kẹfà ńkọ́?" Mo ní kì í ṣe ibà. Ẹ̀rín sọ. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, onínú burúkú ni olùkọ́ mi. Ẹnìkan ní kò kàn wá rárá, ẹni tó bá ra ìwé ló ni atukọ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi, díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Òde dìde. Ó pọ́n fòò, ohùn rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀. Ọdún méjì ló ti fi bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun náà ṣe atukọ̀, èmi gan-an ni mo sì dá a lóhùn nígbà méjèèjì pé, "Fẹ́à ni ẹ́, o ò lè jọ ọ́."

"Ṣé mo lè wọ kóòtù yẹn báyìí?" ló bi mí.

Ara mi gbóná. "Ìwọ náà kì í ṣe òyìnbó."

"Mo mọ̀. Ìjẹ̀bú ni ìyá mi, Ìjẹ̀bú ni bàbá mi. Tí mo bá dé ìlú òyìnbó, dúdú ni wọ́n máa pè mí. Ibí nìkan ni wọ́n ti sọ fún mi pé mi ò dúdú tó."

Mo bọ́ kóòtù náà, mo nà án sí i. Ó gùn jù fún un, ó ká ọwọ́ kóòtù náà sókè, ó dúró níwájú wa, ó sì ka àṣẹ tí atukọ̀ pa lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wọn fẹ́ ṣòfò. Ó kà á dáadáa jù mí lọ. Mo jowú, n kò ní purọ́. Ojú sì tì mí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó sí tábìlì mi, mo fa ojú ìwé méjèèjìlá ya, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo yege, ẹ má mikàn. Mo kọ nípa ohun tí òyìnbó kì í sọ torí ó rò pé gbogbo ayé ti mọ̀, ṣùgbọ́n n kò fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí olùkọ́ mi kà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni pé: ọdún méjì ni mo fi lé ẹnìkan kúrò nínú ọkọ̀ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀.