Àga Mẹ́wàá Tí Mo Kàn fún Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà

Èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà. Igi àfàrà ni mo fi ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì gbà mí. Kò mu epo, kò lo iná, kò mọ bátìrì. Bí mo bá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ báyìí, yóò sọ iye ebè tó wà lóko ẹni tó ń gbé Irèsì, yóò sì sọ èyí tí òkété ti jẹ nínú wọn. Òyìnbó méjì gbọ́, wọ́n wọ bàálù wá, wọ́n ní kí n tà á fún àwọn. Mo ní kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ná.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ ti rín ẹ̀rín náà tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀rín púpọ̀ níwájú.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wọ Ìlá nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà lójú títì tó lọ sí Ọ̀tan. Ìwé mi kò ju kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Tíṣà mi ní orí mi le bí ìrókò, mo gbà á gbọ́, bóyá ohun tó gbé mi dé ìdí igi nìyẹn.

Àkọ́bí mi kò jọ mí. Obìnrin ni, ó wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Kí n tó na téèpù tán, ọmọ yìí á ti sọ iye pákó tí bẹ́ẹ̀dì kan máa jẹ àti èyí tó máa ṣẹ́ kù. Oníbàárà kan bi wá lọ́jọ́ kan pé, "Káfíńtà, ta ni ọ̀gá nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Mo ní èmi ni. Ọmọ náà ní, "Bàbá ni ọ̀gá. Èmi kàn ń bá wọn ronú ni." Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti ná bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún náà, ọmọ ìlú wa kan tó jẹ́ ẹnjiníà l'Ékòó wálé. Lẹ́yìn ìsìn, ó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá dé, òun yóò kó kọ̀ǹpútà méjì wá sílé, òun yóò sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ọmọ mẹ́wàá péré ni mo lè gbà," ó ní, "nítorí ẹ̀rọ kò ju méjì lọ. Màá ṣe ìdánwò ìṣirò fún wọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù ló máa wọlé."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Màmá àgbà kan lẹ́yìn mi bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Kí ló ní òun ń kó bọ̀?" Ìyẹn dáhùn pé, "Tẹlifíṣọ̀n tó mọ ìwé ni." Títí dòní, n kò tíì gbọ́ àlàyé tó dára ju ìyẹn lọ.

Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún: tábìlì méjì àti àga mẹ́wàá. Mo kàn wọ́n. Mo ti mọ èyí tí ọmọ mi máa jókòó sí nínú wọn. Mo fá ẹ̀yìn àga yẹn dán ju ti yòókù lọ, tó fi jẹ́ pé eṣinṣin tó bá bà lé e, yíyọ̀ ló ń yọ̀ ṣubú.

Ọjọ́ ìdánwò pé, àwọn ọmọ kún gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wá láti Ọ̀tan, wọ́n wá láti Irèsì, àwọn kan rìn ín lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ẹnjiníà lẹ orúkọ mẹ́wàá mọ́ ara ilẹ̀kùn, ọmọ Ọ̀tan kan ló ṣe ipò kìn-ín-ní. Ọmọ mi ló ṣe ipò kẹta. Mo dúró níwájú ìwé náà bí ẹni tó ń ka Bíbélì. Mo sọ fún alápatà, mo sọ fún onímọ́tò, mo sọ fún afọ́jú tó máa ń jókòó sí gáréèjì pé kó wá fojú ara rẹ̀ wò ó. Lọ́jọ́ yẹn mo fò láti orí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi dé orí òrùlé ilé wa, ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìlú. Wọ́n ní kí wọ́n ka orúkọ fún àwọn. Ọ̀tan ní ọ̀kan, Irèsì ní ọ̀kan, agboolé kan ní Ìlá ní mẹ́ta, òmíràn ní méjì. Àwọn agboolé ńlá kan kò ní ẹyọ kan. Ilẹ̀ dàrú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe rí. Bí ọmọ ìlú bá fi màlúù ránṣẹ́ sílé fún ọdún, a kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó mọ ẹran jẹ. Agboolé-agboolé la ó pín in, èyí tó bá dàgbà jù ni yóò kọ́kọ́ mú. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pín gbogbo ohun tó bá wá láti ìta. Kì í sí ìjà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe é. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹnjiníà. Wọ́n pe èmi náà, nítorí èmi ni mo kan àga.

Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹran."

Bàbá àgbà kan tó ń fín aáṣáà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ohun tó bá ti wọ̀lú, tí kò sì tó gbogbo wa, ẹran ni."

"Ìdánwò ni wọ́n ṣe, bàbá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni mo mú."

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n! Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ́ ló yẹ kí o kọ́? Ṣé ẹni tó ti yó lò ń gbé oúnjẹ fún?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀ pé ọmọ mi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹnjiníà ní, "Ọmọ Ọ̀tan tó ṣe ipò kìn-ín-ní ńkọ́, bàbá?"

"Ṣé Ọ̀tan ló bí ọ ni?"

Ọ̀rọ̀ parí. Ọkùnrin tó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ l'Ékòó tún dọ̀bálẹ̀ fún arúgbó kan nílé, ó ní ohun tí wọ́n bá fẹ́ ni. Wọ́n fún agboolé mẹ́wàá tó dàgbà jù ní àga kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan lọ yan ọmọ tirẹ̀.

Ara mi tún balẹ̀ díẹ̀, nítorí agboolé wa wà nínú mẹ́wàá náà, kò sì sí ọmọ wa mìíràn tó fara jọ ẹni tó yege. Ṣùgbọ́n olórí ẹbí wa ní ọmọ-ọmọ kan ní kíláàsì karùn-ún. Ọmọkùnrin náà ṣe ìdánwò yìí. Wọ́n ní àwòrán bọ́ọ̀lù àti ojú ilé tí wọ́n ń gbá a sí ló yà sínú ìwé ìdáhùn rẹ̀. Ojúlé àgbà ni tirẹ̀. Ojúlé àbúrò ni tèmi, bàbá wọn ló ṣáájú bàbá tiwa dé ilé ayé.

A ṣe ìpàdé ẹbí. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe níbẹ̀. Mo dìde láàárín wọn tèmi ti òòlù mi. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, orí ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kì í fi ojúlé ṣe é! Bí ẹ bá gbé àga fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣé àga ni yóò wá kàwé?" Ohùn mi mi ilé. Aláǹgbá mẹ́ta já láti orí àjà. Olórí ẹbí wa fi aṣọ bojú. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ jù mí lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Káfíńtà, jókòó. Obìnrin ni tìẹ. Ilé ọkọ ni yóò gbé kọ̀ǹpútà lọ. Tiwa yóò dúró sílé." Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo bínú jáde.

Mo délé, mo sọ fún ọmọ mi pé, "Mo jà. Wọ́n pọ̀ jù mí lọ ni."

Ẹ̀wà ló ń ṣà lórí àtẹ. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó sì ń ṣà á lọ.

Ẹnjiníà tún wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀rọ méjì kò lè tó ọmọ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí n bá òun gé pákó pẹlẹbẹ mẹ́wàá, kí n kọ lẹ́tà sí i bí ó ṣe wà lójú ẹ̀rọ, kí àwọn tó ń dúró lè máa fi ìka wọn kọ́ ọ. Ó yà á sínú ìwé fún mi. Nígbà tó lọ tán tí mo wò ó, àánú rẹ̀ ṣe mí. Lẹ́tà kò tò rárá! Mo ní, "Ẹni tó kàwé tó báyìí, tí kò lè to ABC. Ọkọ̀ ló mi orí rẹ̀ láti Èkó dé Ìlá." Mo bò ó láṣìírí: mo to gbogbo rẹ̀ bí tíṣà mi ṣe kọ́ mi, láti A títí dé Z, lórí pákó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Nígbà tó rí i, ẹ̀rín fi í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú èérún igi. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bí mo ṣe yà á gan-an ló ṣe wà lójú ẹ̀rọ o." Mo tún mẹ́wàá mìíràn ṣe. Àwọn tó bàjẹ́ ni kọ̀ǹpútà tí mo fi ń yangàn fún yín lẹ́ẹ̀kan. Mo mú ọ̀kan lọ fún ọmọ mi.

"Kí ni èyí, Bàbá?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

Ó fi ìka tẹ A. Ó tẹ B. "Kò sọ nǹkan kan."

"Ní sùúrù fún un."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ kékeré tó gbé iyanrìn wá pé ẹ̀bà ni. Ó gbé e, ó fi dé garawa omi.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ní eruku lè pa ẹ̀rọ. Ọmọ-ọmọ olórí ẹbí wa jókòó sórí àga tí mo fá dán yẹn. Ó fi ọjọ́ mẹ́jọ sùn lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ọ̀tan, kò sì padà sórí àga náà mọ́.

Ẹnjiníà wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, àga yẹn ṣófo. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wá jókòó."

Mo ní, "Ẹ lọ bi olórí ẹbí wa."

Ó lọ. Bàbá náà dá a lóhùn pé, "Bí mo bá fi ẹran mi sílẹ̀ nínú àwo, ṣé ìwọ lo máa wá pe ẹni tó máa bá mi jẹ ẹ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni àga náà ṣófo títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi pé. Mò ń gba ojú fèrèsé gbọ̀ngàn yẹn kọjá lójoojúmọ́, mò ń rí i. Ọmọ mi náà ń gbé pákó fún mi gba ibẹ̀ kọjá. Kò yí ojú síbẹ̀ rí.

Ìsinmi parí, ẹnjiníà kó ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ọkọ̀. Kò kó o wá mọ́. A gbọ́ pé ìlú mìíràn ló ń kó o lọ, níbi tí àwọn àgbà wọn ti ń sùn, bóyá. Méjì nínú àwọn mẹ́sàn-án tó kọ́ ọ tán ń gbé òkè òkun báyìí. Bí ọdún bá dé, wọ́n á wá kí mi, wọ́n á máa tẹ fóònù níwájú mi. Ọmọ Ọ̀tan tó ṣe ipò kìn-ín-ní, n kò mọ ibi tó gbà lọ. Ọmọ tèmi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo máa ń ní iṣẹ́ rere ni. Iṣẹ́ rere ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni mí. Mo mọ igi tí ì bá di ilẹ̀kùn ààfin, tí wọ́n fi ṣe àpótí. Àpótí náà dára, ènìyàn ń jókòó lé e. Kì í ṣe ẹjọ́ àpótí.

Ó tó. Kọ̀ǹpútà igi mi kò mọ iye ebè ẹnikẹ́ni, òyìnbó kankan kò sì wọ bàálù wá. Ẹ ti mọ ìyẹn kí n tó sọ ọ́. Èyí tí ẹ kò mọ̀ ni ti ìpàdé ẹbí. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. N kò dìde. N kò mú òòlù dání. Aláǹgbá kankan kò já. Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó, nítorí ìjókòó ni mo wà látìbẹ̀rẹ̀. Olórí ẹbí wa bi mí pé, "Káfíńtà, kí lo rí sí i?" Bàbá náà ń kọ́lé tuntun lọ́wọ́ nígbà náà, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Tiyín ni àṣẹ, bàbá. A dúpẹ́." Wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún mi.

Ọmọ mi ló ń bu omi fún àwọn àgbà lọ́jọ́ ìpàdé yẹn. Ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ṣáájú mi délé. Nígbà tí mo wọlé tí mo sọ fún un pé mo jà, ó ti mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.